Ta Ló Ni Orúnkún Agbábọ́ọ̀lù?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, lórí pápá ilé-ìwé kan ní Ìlọràá. Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa bo gbogbo ilẹ̀, ibi tí koríko wà lórí pápá náà kò sì tó ibi tí kò sí. Àwa ọmọ Fìdítì la wá bá wọn gbá a. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n fọn fèrè, wọ́n ti fi góólù kan ṣíwájú wa, nígbà tí ọ̀rẹ́ wa, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wa, gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ìlà. Ó fẹ́ yí padà kó gé ẹnì kan kọjá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan, ara rẹ̀ yí. A gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ó ṣubú.

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. Orúnkún kan náà ni.

Ohun tó ń dùn wá títí dòní kì í ṣe pé ó ṣubú. Ohun tó ń dùn wá ni pé ó dìde, ó ń tiro, ó ní òun lè parí ẹ̀, àwa náà sì pàtẹ́wọ́ fún un. A pariwo orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. A ní, "Ọkùnrin ni ẹ́!" Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó tún lulẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò lè dìde mọ́. Ọ̀kadà la fi gbé e délé, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ náà mú kó má baà máa mì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ìyá rẹ̀ ti jáde kúrò nínú yàrá, ó wò wá lójú, ó ní: "Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ó ti parí fún mi nìyẹn?"

A ò rí nǹkan kan sọ. Ìbéèrè yẹn ti ń tẹ̀lé wa kiri látìgbà náà, òun la sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa yẹ̀ wò, torí a mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa nìkan ló ń béèrè rẹ̀. Láti Fìdítì dé Awẹ́, láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, kò sí pápá tí ẹ máa dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ò ní rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi báńdéèjì wé orúnkún, tó jókòó sórí òkúta, tó ń wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ju bóyá ìfarapa tó ń padà wá lè fòpin sí eré ọ̀dọ́, gbólóhùn kan ti tó: bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ èyí, òun ló le. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó tó? Ṣé ẹni tó ni orúnkún ni, àbí dókítà, àbí àwọn òbí, àbí kóòṣì, àbí àwa tí à ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá? Tí onítọ̀hún bá sì ní òun ò dúró, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a dúró?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Iṣan kan wà láàárín orúnkún tí àwọn dókítà ń pè ní ACL. Kò gùn tó ìka ọwọ́ àgbà. Òun ló so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, òun ni kì í jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ yọ síwájú nígbà tí èèyàn bá ń sáré tó sì fẹ́ yà lójijì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà tí ó bá ya, kò sẹ́ni tó gbá ẹni náà. Ara rẹ̀ ló fi yí ara rẹ̀ já. Tó bá sì ya pátápátá, kì í sábà so ara rẹ̀ padà bí awọ tó bó ṣe máa ń jiná. Oníṣẹ́ abẹ ní láti mú iṣan láti ibòmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà lára ẹni náà fúnra rẹ̀, kó fi rọ́pò èyí tó ya. Iṣan àlejò ni iṣan yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni orúnkún fi ń gbà á mọ́ra, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ sì ni pé kí eléré ìdárayá má padà sórí pápá kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Ẹ wò ó, iye oṣù tí oyún ń lò nínú ni.

Àní lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ewu ò tíì tán. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ, wọ́n rí i pé láàárín àwọn eléré ìdárayá tí kò tíì pé ọdún 25 tí wọ́n padà sẹ́nu eré, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló tún máa ń ya iṣan náà, yálà lẹ́sẹ̀ tó ti ya rí tàbí lẹ́sẹ̀ kejì. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nìyẹn o, àwọn tó rí ìtọ́jú gidi.

Báwo ni ti ọ̀rẹ́ wa ṣe wá rí? Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ inú rẹ̀ wò. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n fi òrí pa á, bàbá kan tó máa ń to eegun sì wá fọwọ́ fà á. A ò ní bú bàbá náà. Àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ wa ti mú ẹsẹ̀ tó kán padà bọ̀ sípò fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò lówó ọsibítù. Ṣùgbọ́n iṣan kì í ṣe eegun, èyí tó sì ya nínú lọ́hùn-ún kò ṣeé fọwọ́ tò. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wíwú náà lọ sílẹ̀, gbogbo wa ní ó ti san. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, a gbọ́ pé àwọn kan ń bọ̀ ní Ìbàdàn wá wo àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ wa gbé oògùn ìrora mì, ó wọ mọ́tò. Ó gbá a dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ìmúrasílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀ yẹn ló gbé wa lọ sí Ìlọràá.

Torí náà, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé ó ti fara pa lẹ́ẹ̀mejì, àwa máa ń rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ìkejì ò sí. Àkọ́kọ́ ni kò tíì tán.

Kí ló ń lé wa? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ̀ pé èso ni wọ́n fi ń mọ Fìdítì. Àwọn ìyá wa tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ ohun kan dájú: ọsàn tí wọ́n bá já kó tó gbó, kò sí bí wọ́n ṣe lè tò ó sórí àtẹ tó máa dùn bí èyí tó gbó lórí igi. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè pọ́n, kíkan ni inú ẹ̀. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìgbà míì wà tí wọ́n máa ń já a, torí pé oníbàárà ti dúró, mọ́tò rẹ̀ sì ti fẹ́ máa lọ.

Oníbàárà tó dúró yìí ni ìṣòro àwọn ọmọ wa. Òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, àfi láwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀. Òfin tó dáa ni, torí ó ń dáàbò bo ọmọdé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ṣe ni gbogbo èèyàn ń ka oṣù sí ọjọ́ ìbí kejìdínlógún ọmọ bí ẹni tó ń retí ọjọ́ ọjà. Tó bá sì fi lé ní ogún ọdún láìrí ẹgbẹ́ tó mú un, wọ́n á ní ó ti ń gbó lọ. Ibẹ̀ ni ohun tí gbogbo wa mọ̀, tí a kì í fẹ́ sọ síta, ti wọlé: ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ti gé ọdún mẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n lè mú un, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó fi oṣù mẹ́sàn-án jókòó sílé? Lójú tirẹ̀, gbèsè ọdún ló ń san. Ó ń sá fún ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an, orúnkún ló sì fi ń sá.

Nígbà tí a fẹ́ tu ọ̀rẹ́ wa nínú, Victor Boniface la fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún un. Bóyá ẹ̀yin náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí Boniface sí ní ọdún 2000. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó lọ sí Norway ní 2019 láti gbá bọ́ọ̀lù fún Bodø/Glimt. Níbẹ̀ ni iṣan orúnkún tí à ń sọ yìí ti ya. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó padà, ó tún ya. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn á ní ó ti parí. Ṣùgbọ́n ní 2022, Union Saint-Gilloise ní Belgium mú un. Ní sáà 2022/23, ó jẹ góólù 6 ní Europa League, kò sì sí ẹni tó jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdíje náà. Ní 2023, Bayer Leverkusen rà á lọ sí Jámánì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2024, Leverkusen na Werder Bremen ní 5-0, wọ́n sì gba líìgì Jámánì fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Boniface ló jẹ góólù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìtàn dídùn ni. A sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ wa títí ojú rẹ̀ fi tàn. Ẹ̀yìn ìgbà tí a délé la tó bi ara wa léèrè bóyá òtítọ́ la sọ fún un.

Lákọ̀ọ́kọ́, a ò ka ìtàn náà tán. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí Boniface ń múra láti gbá ife ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà ní Côte d'Ivoire, iṣan itan rẹ̀ bà jẹ́, kò sì lè bá wọn gbá a. Oṣù kẹrin ló tó padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, AC Milan fẹ́ mú un, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ náà sì fọ́. Werder Bremen, àwọn tó jẹ góólù sí nígbà yẹn, ló padà yá a. Ẹni tó padà dé kò bọ́ lọ́wọ́ orúnkún rẹ̀. Gbogbo ibi tó bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ bi orúnkún léèrè kí wọ́n tó bi òun.

Lẹ́ẹ̀kejì, a sọ ọ́ bí ẹni pé ọkàn akin nìkan ló mú un padà. Ọkàn akin wà níbẹ̀, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣan rẹ̀ ya, ó wà lábẹ́ àdéhùn ẹgbẹ́ tó ní dókítà, tó ní àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹsẹ̀ kọ́ ní rírìn, tó sì lè dúró dè é. Ọ̀rẹ́ wa ní omi gbígbóná àti òrí. Ká máa sọ fún un pé, "Boniface ṣe é, ìwọ náà á ṣe é," láìdárúkọ àwọn tó dúró ti Boniface, ẹ̀tàn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ la fi ṣe é.

Ẹ̀kẹta ló wà jù lọ́kàn wa. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí nílé ìjọsìn. Ẹni tó yè bọ́ ló ń gba gbohùngbohùn. Ẹni tí kò yè kò sí níjókòó kó lè sọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́ọ̀lù. A mọ orúkọ àwọn tó padà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò padà pọ̀ jù wọ́n lọ, orúkọ wọn kò sì jáde kúrò ní àdúgbò wọn. Ẹni tó bá ń fi àwọn tó yè nìkan ka iye èèyàn tó wọ odò, á rò pé odò náà kò jìn.

Eré kan wà tí wọ́n fẹ́ràn gan-an ní Amẹ́ríkà, baseball ni wọ́n ń pè é. Nínú eré yìí, ẹnì kan á máa fi gbogbo agbára ju bọ́ọ̀lù kékeré kan, ẹlòmíràn á mú igi dání láti gbá a. Ọwọ́ ẹni tó ń jù ú ló ń jìyà: èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Ní 1974, iṣan ìgbọ̀nwọ́ ọ̀kan nínú wọn, Tommy John, já. Dókítà Frank Jobe mú iṣan láti ọwọ́ rẹ̀ kejì, ó fi tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó ti ṣe irú rẹ̀ fún eléré baseball rí. Tommy John padà sórí pápá ní 1976, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù títí di 1989, nígbà tó ti di ẹni ọdún 46. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà dòní. Ẹ̀rí rẹ̀ tàn kálẹ̀ débi pé àwọn ọ̀dọ́ àti òbí kan gbà pé iṣẹ́ abẹ yìí máa ń mú kí ọwọ́ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irọ́ ni.

Nínú eré kan náà ni Mark Prior wà. Ní 2003, kò tíì pé ọmọ ọdún 23 nígbà tí wọ́n ń kà á mọ́ àwọn tó dáa jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìgbẹ̀yìn tó gbá eré ní líìgì àgbà ni 2006, ó jẹ́ ọmọ ọdún 25. Ìfarapa kan ń tẹ̀lé òmíràn, èjìká rẹ̀ kọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbìyànjú kó padà, kò bọ́ sí i. Ṣé ọkàn rẹ̀ kéré sí ti Tommy John ni? Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Kò pọn dandan ká tilẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, níwájú àwọn bàbá wa. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó wọ aṣọ Nàìjíríà bá England gbá ife àgbáyé ní Japan, ní oṣù kẹfà ọdún 2002. Díẹ̀ làwọn tó kéré jù ú lọ tó ti gbá ife náà rí. Kò pé, kò jìnnà, àìsàn glaucoma bá ojú rẹ̀ jà, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tó yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ti ojú kì í ṣe ti orúnkún, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ara kì í ṣe ìránṣẹ́ ọkàn nígbà gbogbo.

Ní báyìí, ẹnì kan nínú yín á ti máa sọ pé: "Ó dáa, ẹ ti sọ tiyín. Ṣùgbọ́n ta ni yín? Ọmọ tálákà ni ọmọ yìí. Bọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀nà tó rí. Tí ẹ bá ní kó dúró, kí lẹ fẹ́ fún un? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó fi ṣe ohun tó wù ú."

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a ò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òtítọ́ ni pé ẹni tó jókòó sínú ilé tó ní páànù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa wàásù fún ẹni tí òjò ń pa. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé tí gbogbo èèyàn bá ń gbọ́ràn sí ẹni tó ní kí wọ́n dúró, a ò bá má mọ Nwankwo Kanu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn tó ṣe balógun àwọn tó gba góòlù Olympics ní Atlanta ní 1996 ni dókítà Inter Milan rí àléébù nínú ọkàn rẹ̀, tí wọ́n sì ní kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó padà, ó gbá a fún Arsenal, ó sì jẹ góólù tí Portsmouth fi gba FA Cup ní 2008.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Kanu ṣe padà. Kò gbé oògùn ìrora mì kó sáré wọ pápá. Ó lọ sí Cleveland ní Amẹ́ríkà, wọ́n la àyà rẹ̀, wọ́n tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, ó dúró dìgbà tí wọ́n ní ó ti tó. Ọ̀dọ̀ dókítà náà ló gbà padà sórí pápá. Ẹni tó kọ etí ikún sí àyẹ̀wò yàtọ̀ sí ẹni tó gba àyẹ̀wò gbọ́ tó sì wá ìwòsàn lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ń ta tẹ́tẹ́. Ẹnì kejì ló ń jà.

Ní ti pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, kó ṣe bó ṣe wù ú: lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ní, "Mo lè ṣe é"? Kóòṣì tó fẹ́ borí wà nínú ohùn yẹn. Ẹni tó máa gba owó tí wọ́n bá tà á wà níbẹ̀. Ìyá tó ti ta aṣọ nítorí bàtà bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Àwa tí à ń pàtẹ́wọ́ ní Ìlọràá wà níbẹ̀, ariwo wa ló sì pọ̀ jù. Nígbà tí gbogbo wa bá ti sọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ọmọ kan, a kò lè wá yọwọ́ ká ní òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe baseball ti rí èyí. Ní 2014, wọ́n gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Pitch Smart, tó fi iye sí bọ́ọ̀lù tí ọmọ lè jù lójúmọ́. Ọmọ ọdún 9 sí 10 kò gbọdọ̀ ju 75 kọjá. Ẹni ọdún 17 sí 18 kò gbọdọ̀ ju 105 kọjá. Ìdí tí iye yẹn fi wúlò ni pé kò sí ọmọ tí wọ́n máa bi pé, "Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́?" níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó máa ní ó ti rẹ òun. Àgbàlagbà ló gbọ́dọ̀ bá a ka iye. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó sínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sáré kì í rí eruku.

Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ orí àti ẹsẹ̀ kì í ṣe tuntun. Àwọn babaláwo ti pẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa pé orí téèyàn yàn lọ́run ló ń sọ ibi tó máa dé, ẹsẹ̀ ló sì ń gbé orí débẹ̀. Orí láìsí ẹsẹ̀ kò lè rìn dé ibi tó yàn. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló yẹ kó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹsẹ̀ ló wà fún orí. A kò dá orí sáyé kó wá sin ẹsẹ̀ kan. Tí ọ̀nà kan bá dí, orí ò tíì parí. Mark Prior tí èjìká rẹ̀ kọ̀ fún un ló wá di olùkọ́ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Los Angeles Dodgers. Àwọn àgbà ní akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ. Wọn ò pe ẹni tó sá ní ojo. Akíkanjú náà ni wọ́n pè é.

Ibi tí a wá dé rèé. Orúnkún agbábọ́ọ̀lù, tirẹ̀ ni. Torí pé tirẹ̀ ni, tó bá sọ pé ó tó, ẹnu tirẹ̀ nìkan tó. Kò sí kóòṣì, kò sí bàbá, kò sí ọ̀rẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n tó bá sọ pé kò tíì tó, pé òun fẹ́ padà, ẹnu tirẹ̀ nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹni tó yẹ inú orúnkún náà wò bá a sọ ọ́, kí oṣù tó yẹ pé, kí ẹni tó sì ń retí owó lórí rẹ̀ dákẹ́ ná. Òfin méjèèjì ò dọ́gba, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó dúró lónìí lè yí ọkàn padà lọ́la. Ẹni tó fi orúnkún tó ya sáré lónìí lè má rí ọ̀la tó máa fi yí i padà.

Àwa tí kì í ṣe dókítà, tí a ò sì lówó, kí ni iṣẹ́ tiwa? Àjọ la dá. Ó gbà wá lóṣù méjì ká tó rí owó àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú orúnkún rẹ̀ ní Ìbàdàn. Iṣan náà ti ya pátápátá. Owó iṣẹ́ abẹ ju agbára àjọ wa lọ, a ṣì ń dá a. Ọ̀rẹ́ wa ń kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe báyìí. Kò tíì sọ pé òun ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, a kò sì bi í. Nígbà tó tún béèrè pé ṣé ó ti parí, a sọ òtítọ́ tí a mọ̀ fún un: ó lè ti parí, ó sì lè má tíì parí, ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì parí. Inú rẹ̀ ò dùn sí ìdáhùn náà. Ó ní òun ì bá fẹ́ràn kí a parọ́.

Sátidé tó kọjá, a tún wà ní pápá. Ọmọ kékeré kan, bóyá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, yí ẹsẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó ń tiro. Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ wa ló kọ́kọ́ pariwo láti orí àga: "Ẹ gbé e jáde!" A wọlé, a gbé e jáde. Ọmọ náà sunkún, ó bú wa, ó ní a ba ọjọ́ òun jẹ́, ìyá rẹ̀ náà sì bínú sí wa díẹ̀. A jókòó tì í títí wọ́n fi fọn fèrè. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.